Ọjọ́ Sátidé ní Ìlú Òyìnbó

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣooṣù

Nígbà tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ kọ̀wé sí wa pé kí a wá sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ wa tí ń lọ kọ́ṣẹ́ ní òkè-òkun, a kọ́kọ́ fẹ́ kọ̀, nítorí a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti rìn jìnnà jù wá lọ. Ṣùgbọ́n a rántí pé gbèsè kan wà ní ọrùn wa láti ọdún 1994, a kò sì lè san án fún ẹni tí a jẹ ní gbèsè náà mọ́, nítorí ó ti lọ sí ilé àgbà. Nítorí náà ni a ṣe gbà láti wá, bóyá a ó lè san án fún àwọn ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Àwọn bàbá wa wí pé àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n rírìn jìnnà nìkan kò tó. Ènìyàn lè rìn títí dé òpin ayé kí ó má rí ohunkóhun níbẹ̀ bí kò ṣe ojú ọ̀nà tí ó ti ilé tí ó ń sùn lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti fi ẹsẹ̀ rìn, ojú rẹ̀ ni ó fi sílé. Àwa tí a ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1993, nígbà tí a jẹ́ ọmọ ọdún 24, a rán wa lọ sí Lọ́ńdọ́nù láti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ fún nǹkan bí oṣù 11 ní ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan ní apá gúúsù ìlú náà. A kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kì í ṣe olùkọ́ tòótọ́. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni wá, gẹ́gẹ́ bí ọmọdé tí ń fẹ́ ẹwìrì fún alágbẹ̀dẹ. A ń gbẹ́ pẹ́ńsù, a ń to ìwé, a ń jókòó ti àwọn ọmọ tí kò tètè mọ ìwé kà, a sì ń jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì láti kọ sílẹ̀ bí olùkọ́ ti ń béèrè ìbéèrè àti bí ó ti ń dúró de ìdáhùn. Iṣẹ́ rere ni. Títí di òní, bí a bá ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí yóò di olùkọ́ ní kọ́lẹ́jì wa, ohun tí a rí ní ẹ̀yìn kíláàsì náà ni a fi ń kọ́ wọn. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a wá láti kẹ́gàn iṣẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè sí Fúráìdè. Ohun tí a fẹ́ sọ jẹ́ nípa ọjọ́ tí ó tẹ̀lé e.

Ní oṣù méjì àkọ́kọ́, bí Sátidé bá dé, a ó sùn títí oòrùn yóò fi dé àtàrí, bí a bá lè pe ohun tí ó wà lókè ìlú Lọ́ńdọ́nù ní àkókò òtútù ní oòrùn. Bí a bá jí, a ó lọ sí Peckham, ní òpópó Rye Lane, níbi tí a ti ń rí iṣu àti èlùbọ́ rà, lẹ́yìn èyí a ó lọ bá àwọn ọmọ ilẹ̀ wa mìíràn ní yàrá ọ̀kan nínú wọn. Níbẹ̀ ni a ó ti máa jẹ àmàlà, tí a ó máa bú òtútù, tí a ó sì máa jiyàn títí di òru lórí ìdìbò oṣù Kẹfà ọdún náà tí ìjọba ológun fagi lé. Ara wa wà ní Lọ́ńdọ́nù, ṣùgbọ́n a kò tí ì dé ibẹ̀. A kò sì tún sí nílé.

Ohun tí ó jí wa lójú oorun ni ìbéèrè ọmọdé. Ní oṣù Kọkànlá, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà ní kí a dúró níwájú àwọn ọmọ kíláàsì kan kí a sọ fún wọn nípa ilẹ̀ Yorùbá. A sọ ti ọba, a sọ ti ìlù dùndún, a sọ ti ìkíni, a sì dọ̀bálẹ̀ kí wọ́n lè rí i. Inú wọn dùn púpọ̀. Nígbà náà ni ọmọbìnrin kan, bí ọmọ ọdún 9, na ọwọ́ sókè, ó sì béèrè pé ta ni ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn ará wa tí a mọ̀ pé ó wá gbé ní ìlú àwọn, àti pé ibo ni ó gbé. A dákẹ́. Ọmọ náà kò fi wá ṣe ẹlẹ́yà. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ojú tì wá. A ti wá láti ọ̀nà jíjìn láti kọ́ àwọn ọmọ òyìnbó ní ìwé, a kò sì mọ ẹsẹ̀ ẹni tí a ń tọ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, a sọ ọ̀rọ̀ náà fún bàbá kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, tí ó máa ń jókòó ní ìjókòó ìkẹyìn ní ilé ìsìn wa. Ó ti lé ní ọdún 70. Ọdún 1946 ni ó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí ìlú òyìnbó láti wá kọ́ òfin. Òfin kò bọ́ sí i, ó sì ṣe iṣẹ́ rélùwéè títí tí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó fetí sí wa, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì béèrè pé:

“Ọmọ mi, ìgbà wo ni o máa padà sílé?”

A dá a lóhùn pé ní ìparí oṣù Keje ni. Ó mú pẹ́ńsù jáde nínú àpò rẹ̀, ó sì ṣe ìṣirò sí ẹ̀yìn ìwé orin. Ó ní:

“Sátidé 47 ni wọ́n fún ọ. O ti jẹ 11. Ó ku 36. Iṣẹ́ tí wọ́n rán ọ, ọjọ́ 5 ni wọ́n dá fún un lọ́sẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò rán ọ ní ohunkóhun ní Sátidé. Ọjọ́ tí a kò rán ènìyàn níṣẹ́ ni a fi ń mọ irú ẹni tí ó jẹ́.”

Lẹ́yìn náà ó kọ orúkọ ibi 4 sílẹ̀ fún wa: Islington, Brighton, Canterbury àti Camden. Ó ní, “Camden ni ilé mi wà. Àpótí kan wà lábẹ́ ibùsùn mi níbẹ̀. Lẹ́tà àti àwòrán ni ó kún inú rẹ̀, láti ọdún tí mo ti dé. Mo ń wá ọmọ kan tí yóò jókòó kí n ṣí i fún un. Wá ní Sátidé kan.” A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì wí pé a ń bọ̀.

Islington ni a kọ́kọ́ lọ. Kì í ṣe ibi tí ó jìnnà; ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ gbé wa débẹ̀ lówùúrọ̀. A ti lo ọjọ́ díẹ̀ ní ilé ìkàwé kí a tó lọ, a sì ti rí ìdáhùn kan fún ọmọbìnrin wa. Ẹ̀yin àgbà mọ ìtàn Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, tí a kó lẹ́rú ní ọdún 1821, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 1822, tí a sì gbé e lọ sí Sàró. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó rántí pé ní ọdún 1826, nígbà tí kò tí ì pé ogún ọdún, a mú un wá sí ìlú òyìnbó, tí ó sì lọ sí ilé-ìwé ìjọ kan ní Islington fún oṣù díẹ̀? Ní ọdún 1842 ó tún padà wá sí Islington kan náà, sí kọ́lẹ́jì ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì tí a ń pè ní C.M.S., a sì fi í jẹ oyè àlùfáà ní ọdún 1843. Kọ́lẹ́jì náà ti parí iṣẹ́ rẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí a tó bí wa. Àwọn ilé, àwọn ìsọ̀ àti àwọn ènìyàn tí ń yára nínú òjò ni a bá níbẹ̀.

A dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, a sì ro ohun kan. Ní ọdún 1843 kan náà ni a tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Àjàyí Crowther ṣe jáde ní Lọ́ńdọ́nù. Iṣẹ́ àlùfáà ni a mú un wá kọ́. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ilé kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ láàárín ìwé Látìnì àti Gíríìkì. Ó ń kó wọn jọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa èkùrọ́. Ẹ̀yin ará, Yorùbá tí a ń kọ lónìí, tí ìwé oṣooṣù Ẹgbẹ́ yìí fi ń dé ọwọ́ yín, wà lára èso ohun tí ọmọ Òṣogùn yìí kó jọ nígbà tí ó wà ní ipò akẹ́kọ̀ọ́.

Ní Sátidé mìíràn a lọ wo orí idẹ Ifẹ̀ tí ó wà lọ́wọ́ ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum. Ní ìgbà náà, ilé ọ̀tọ̀ kan ní Burlington Gardens ni wọ́n ti ń fi ohun ilẹ̀ Áfíríkà hàn. A ti ilé yẹn ní ọdún 1997. Ọdún 1938 ni àwọn tí ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ṣe alábàápàdé àwọn orí idẹ, nígbà tí ó sì di ọdún 1939, ọ̀kan nínú wọn ti dé Lọ́ńdọ́nù. A dúró níwájú rẹ̀ pẹ́. Àwa tí a ti gbé ní nǹkan bí wákàtí kan sí Ilé-Ifẹ̀ láti ìgbà èwe kò tí ì dúró níwájú èyíkéyìí nínú àwọn orí yòókù ní ilé rí. Ó di dandan kí a wọ ọkọ̀ òfúrufú kí a tó wo ojú baba ńlá wa. Ohun náà dùn wá, ó sì tún kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Ní ọdún tí a padà dé, Ilé-Ifẹ̀ ni a kọ́kọ́ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ.

Nígbà tí òtútù rọ̀ díẹ̀, a wọ rélùwéè lọ sí Brighton, ìlú etí òkun. Ìjọ kan wà níbẹ̀ lórí òkè, tí a ń pè ní ti Nicholas Mímọ́. Níbẹ̀ ni a gbé ṣe ìgbéyàwó ọmọbìnrin Yorùbá kan ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 1862. Àìná ni orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí, ọmọ Òkè-Ọ̀dàn ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kó o lẹ́rú ní kékeré. Ní ọdún 1850, ọba Gẹ̀zò fi í fún ọ̀gá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Forbes gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn fún ọbabìnrin Victoria, ọbabìnrin náà sì ṣe ìtọ́jú rẹ̀. Ọkọ tí ó fẹ́ ẹ ni James Davies, ọmọ Sàró tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, oníṣòwò ní Èkó. Àwọn méjèèjì padà sí Èkó. Àìná sì kú ní erékùṣù Madeira ní ọdún 1880.

Ọkùnrin tí ń gbá inú ìjọ náà béèrè ohun tí a ń wá, a sì sọ fún un. Ó gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀ ti ògiri, ó sì wí pé ó ti pẹ́ tí òun ti ń gbá ibẹ̀, òun kò gbọ́ ìtàn náà rí. Àwa náà kò tí ì gbọ́ ọ ju oṣù 3 lọ. Ohun tí ó sì mú kí ẹnu yà wá jù lọ ni èyí: James Davies yìí wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbin kòkó ní ilẹ̀ wa, ní oko rẹ̀ ní Ìjọn, ní agbègbè Èkó, ní nǹkan bí ọdún 1880. Kòkó ni bàbá wa tà tí ó fi rán wa lọ sí ilé-ìwé. Láìsí kòkó, a kì bá tí rí Brighton. A wá jókòó sórí àga ìjọ náà, a sì rí i pé kì í ṣe ilé àlejò ni a wọ̀. Okùn kan wà tí ó ti ibẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà ilé bàbá wa.

Bí ọjọ́ Ìsinmi bá dé, a ó lọ bá Bàbá ní ìjókòó ìkẹyìn, a ó sì ròyìn. Òun yóò gbọn orí, yóò ní, “Ó dára. Ìgbà wo ni ti Camden?” Àwa yóò wí pé ó kù díẹ̀. Ẹ wo irú èrò tí ó wà lọ́kàn wa: Brighton jìnnà, nítorí náà ó yẹ kí a yára lọ, Camden wà nítòsí, kò tó wákàtí kan, nítorí náà ó lè dúró. Bàbá sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ọjọ́ Ìsinmi. A rò pé yóò máa wà níbẹ̀ títí.

Ní Sátidé ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 1994 ni a lọ sí Canterbury. Katidírà náà ga tó bẹ́ẹ̀ tí ọrùn ń dun ẹni tí ń wo òkè rẹ̀. Níbẹ̀ ni a ti ya Àjàyí Crowther sí mímọ́ ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1864, ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn adúláwọ̀ tí ó jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì. Láàárín ogunlọ́gọ̀ tí ó péjọ ní ọjọ́ náà ni Leeke wà, ọ̀gá ọkọ̀ ogun tí ó gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò-ẹrú ní ọdún 1822. Òun náà ti di arúgbó, ó sì wá fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ọmọ tí ó fà jáde nínú ọkọ̀ ẹrú ti dà. Gẹ́gẹ́ bí àlùfáà, a mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìkẹyìn pẹ̀lú, bí àwọn míṣọ́nnárì ọ̀dọ́ ti dójú ti bàbá arúgbó náà ní ọdún 1890, tí ó sì kú ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún 1891. A kò ní fi èyí pamọ́ fún àwọn ọmọ wa. Ní ọdún 2014, nígbà tí ọjọ́ náà pé 150 ọdún, a ṣe ìsìn ìrántí ní katidírà kan náà, Archbishop ìlú náà sì tọrọ àforíjì fún ohun tí ìjọ rẹ̀ ṣe sí i. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí àwa lọ, ayọ̀ nìkan ni ó kún ọkàn wa. A kọ ohun gbogbo sínú ìwé kékeré wa, a sì ń ro bí a ó ti ròyìn fún Bàbá ní ọjọ́ kejì.

Ní ọjọ́ kejì, ìjókòó ìkẹyìn ṣófo. Kí ìsìn tó parí, a kéde fún ìjọ pé Bàbá ti sùn ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè tí ó kọjá.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀ kí a tó ní ìgboyà láti lọ sí Camden. Onílé ṣí ìlẹ̀kùn fún wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní wọ́n ti kó yàrá náà fún ẹlòmíràn. A béèrè àpótí tí ó wà lábẹ́ ibùsùn. Ó rántí rẹ̀. Ó ní ìwé àtijọ́ ni ó kún inú rẹ̀, kò sì sí ẹbí tí ó wá béèrè, nítorí náà àwọn tí ń kó ilẹ̀ ti gbé e lọ. Kò ṣe ibi. Kò mọ̀ ni. Àwa ni a mọ̀.

Ẹ̀yin ará, ọdún 1946 ni ọkùnrin náà dé Lọ́ńdọ́nù. Ẹ ro ohun tí ọdún wọnnì jẹ́. Ládípọ̀ Ṣólànkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí a mọ̀ sí WASU, sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1925, ṣì wà láàyè, ilé ẹgbẹ́ náà sì wà ní Camden. Láti ọdún 1929 sí 1932 ni Ṣólànkẹ́ fi ń yí ilẹ̀ wa ká láti kó owó ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ. Ọdún 1945, ọdún kan péré kí Bàbá tó dé, ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ́nù, kí a tó fi í lọ́lẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1948. Ta ni Bàbá mọ̀ nínú wọn? Ta ni ó kọ lẹ́tà sí i? Ojú ta ni ó wà nínú àwọn àwòrán wọnnì? A kò mọ̀, a kò sì ní mọ̀ láéláé. Láàárín Sátidé 24 tí ó wà láàárín ìgbà tí ó pè wá àti ìgbà tí ó kú, a kò rí ẹyọ 1 fún un.

Ohun tí a kọ́ nìyí, òun ni a sì wá sọ. Òkúta a máa dúró de ènìyàn. Ènìyàn kì í dúró de ènìyàn. Katidírà Canterbury wà níbẹ̀ lónìí, bí a bá sì padà lọ, a ó bá a. Orí idẹ Ifẹ̀ wà níbẹ̀. Àpótí Bàbá kò sí mọ́. Ọmọ tí ó bá lọ sí òkè-òkun, kí ó kọ́kọ́ wá àwọn alààyè.

Bóyá bàbá kan wà níhìn-ín tí ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, “Iṣẹ́ ni mo rán ọmọ mi lọ kọ́; n kò rán an lọ máa ká ìlú kiri. Owó mi ni ó ń ná.” A kò bínú sí i. Ṣùgbọ́n a bẹ̀ ẹ́ kí ó wo àwọn tí a ti dárúkọ. Akẹ́kọ̀ọ́ òfin ni Ṣólànkẹ́ nígbà tí ó dá WASU sílẹ̀. Òfin ni Awólọ́wọ̀ lọ kọ́, ó sì parí rẹ̀. Ohun tí a rán wọn ni wọ́n fi jẹun. Ohun tí a kò rán wọn ni a fi ń rántí wọn. Ní ti owó, ẹsẹ̀ àti ìwé kékeré kan ni a fi ṣe púpọ̀ nínú ìrìn wa, búrẹ́dì àti ẹja inú agolo sì wà nínú àpò.

Ẹlòmíràn lè wí pé àwọn ọmọ ayé ìsinsìnyí ń rí ibi gbogbo, nítorí fóònù wà lọ́wọ́ wọn. Òótọ́ ni pé bí ọmọ wa bá dúró níwájú ilé ńlá kan ní Toronto tàbí ní Lọ́ńdọ́nù, àwòrán rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wa kí a tó fọ ojú. A rí ọmọ náà, ó wọ aṣọ dáradára, ó ń rẹ́rìn-ín, ilé ńlá sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó kọ sí ilé náà. A fẹ́ kí ó yí padà kí ó sì kọ ojú sí i, kí ó béèrè ẹni tí ó kọ́ ọ, ẹni tí ó gbé inú rẹ̀, àti bóyá ẹnikẹ́ni nínú àwọn baba rẹ̀ ti wọ ibẹ̀ rí, ní òmìnira tàbí ní ìdè.

Nítorí náà, a mú ẹ̀bẹ̀ 3 wá síwájú Ẹgbẹ́. Èkíní ni pé kí Ẹgbẹ́ fún ọmọ ìlú yìí kọ̀ọ̀kan tí ó bá ń lọ kọ́ṣẹ́ ní òkè-òkun ní ìwé kékeré kan tí kò ní ohunkóhun nínú, kí a sì ka iye Sátidé tí ó ní níbẹ̀ kí a kọ ọ́ sí ojú ewé kìíní. Ẹni tí ó bá mọ iye owó tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ná an bí òmùgọ̀.

Èkejì ni pé kí a kọ orúkọ àwọn àgbà ìlú yìí tí wọ́n ṣì wà ní òkè-òkun sílẹ̀, ní pàtàkì àwọn tí wọ́n ti lọ láti bí ọdún 1960, kí ọmọ tí ń lọ sì mú orúkọ náà dání. Ọ̀dọ̀ wọn ni kí ó fi Sátidé àkọ́kọ́ lọ. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ní àpótí lábẹ́ ibùsùn. Àwọn ọmọ wọn kò gbọ́ Yorùbá tí a fi kọ àwọn lẹ́tà náà, àwọn onílé kò sì mọ ohun tí wọ́n jẹ́. Iṣẹ́ yìí kò ṣeé sún síwájú. A mọ ohun tí a ń sọ.

Ẹ̀kẹta ni pé nígbà tí ọmọ náà bá padà dé, tàbí tí ó bá kàn wá kí wa nílé, kí a pè é wá sí ìpàdé yìí kí ó ka ìwé rẹ̀ sí etí wa, kí a sì tẹ ohun tí ó bá yẹ nínú rẹ̀ sínú ìwé oṣooṣù Ẹgbẹ́. Ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Oko tí a kò mú ìkórè rẹ̀ wá sílé, ẹyẹ ni ó ni ín.

Kí a má baà dà bí ẹni tí ń ran ẹlòmíràn níṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ kò lè jẹ́, a mú ìwé kékeré tiwa ti ọdún 1993 sí 1994 wá ní ọjọ́ òní, a sì fi í fún Akọ̀wé kí ó wà ní ilé ìkàwé Ẹgbẹ́. Òjò Islington ti ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ díẹ̀. Ẹ ó rí Islington nínú rẹ̀, ẹ ó rí Burlington Gardens, Brighton àti Canterbury. Ẹ ó sì rí ojú ewé kan tí a kọ Camden sí orí rẹ̀, tí kò sí ọ̀rọ̀ kan ní abẹ́ rẹ̀. A kò ya ojú ewé náà kúrò. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ tí ń lọ máa wò ó.

Ní ti ọmọbìnrin tí ó bi wá léèrè, a padà sí kíláàsì rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn wa, a sì sọ fún un pé ó ṣeé ṣe kí àwọn mìíràn ti ṣáájú rẹ̀ tí a kò kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan tí àwa mọ̀ ń jẹ́ Àjàyí, pé ọ̀dọ́ ni, àti pé Islington ni ó lọ sí ilé-ìwé. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ó tún béèrè bí a ti ń pe orúkọ náà, a sì kọ́ ọ títí tí ó fi pè é dáradára.

Kí Ọlọ́run dá gbogbo àwọn ọmọ wa tí ó wà lẹ́yìn odi padà sílé ní àlàáfíà, kí wọ́n má sì padà lọ́wọ́ òfo.